Àjàyí Ọmọ Òṣoògùn, Ẹni Tí A Fi Ṣe Pàṣípààrọ̀ Ẹṣin



Wòlíì Ámósì, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú àgùntàn, bá àwọn ọlọ́rọ̀ Ísírẹ́lì wí kíkankíkan nítorí pé wọ́n ń ta tálákà ní iye owó bàtà ẹsẹ̀ méjì. Nígbàkígbà tí a bá ka ibẹ̀ ní Mísà, mo máa ń ṣàkíyèsí pé ojú ìjọ kì í yí padà. Ó dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni, ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ tí kò kàn wá. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọmọkùnrin kan fún yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọmọ Yorùbá bí àwa, tí a kò tà ní iye bàtà, ṣùgbọ́n tí a fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Nígbà tí ẹṣin náà kò sì tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, a dá ọmọ náà padà, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti í dá ọjà tí kò dára padà fún ọlọ́jà.

Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó ṣe aṣíwájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Kì í ṣe ọmọ Ìjọ Kátólíìkì. Ìjọ Áńgílíkà ni ó sìn títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa bi ara wọn léèrè ohun tí Fadá fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ ṣe nínú ìwé ìjọ wa. Ẹ fi sùúrù kà á. Ìtàn náà kan àwa Àgùdà ju bí ẹ ti rò lọ.

A bí i ní nǹkan bí ọdún 1807 ní Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Ní àkókò náà, ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti ń wó lọ, Àfọ̀njá ti kẹ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin, ogun sì ti gba ilẹ̀ káàkiri. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí ìyá Àjàyí ti ń se oúnjẹ lọ́wọ́, igbe ta pé ogun dé. Àwọn Fúlàní ni ó wà nínú ogun náà, àti àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ fúnra wọn, àti àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Baba rẹ̀ wọlé wá láti sọ fún wọn pé kí wọn máa sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò tún fi ojú kàn án mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú ní ọjọ́ náà, okùn ti wọ ọrùn ọmọ náà, àti ti ìyá rẹ̀, àti ti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí èyí tí ó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá. Ìlú ti jóná lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Òmù-Àrán, ní Ẹsìẹ́ àti ní àwọn ìlú tí ó yí wa ká, ẹ kò ní bèèrè lọ́wọ́ mi bí irú ogun bẹ́ẹ̀ ti rí. Ilẹ̀ Ìgbómìnà jìyà lọ́wọ́ ogun Ìlọrin, ó sì jìyà lọ́wọ́ ogun Ìbàdàn, títí àwọn baba wa fi dara pọ̀ mọ́ Èkìtì Parapọ̀ ní ogun Kírìjì. Ẹni tí ó bá dé ilé àwọn ère ní Ẹsìẹ́ yóò rí ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn tí ó ti fọ́, tí òmíràn kò ní orí mọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Nígbàkígbà tí mo bá dúró níwájú wọn, àwọn tí a kó lọ ni mo máa ń rántí. Ọ̀kẹ́ àìmọye ni àwọn náà, a kò sì mọ orúkọ wọn. Ẹyọ kan tí a mọ orúkọ rẹ̀ dáradára nínú wọn ni mo ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí.

Láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn ni a ń tà á. Ìsẹ́yìn ni a ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin tí mo wí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a dá a padà, ó tún rí ìyá rẹ̀, wọ́n sì wà pọ̀ fún oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a wá mú un lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Obìnrin Mùsùlùmí kan rà á. Bí ọmọ náà ti fura pé ó ṣeé ṣe kí a tà á fún àwọn Potogí létí òkun, oúnjẹ kò wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ní òru, yóò mú ọ̀já ìbàdí rẹ̀, yóò fẹ́ fi fún ara rẹ̀ lọ́rùn, ọkàn rẹ̀ kò sì ní gbà á láyè. Ẹ rántí pé bí ọmọ ọdún 13 tàbí 14 ni. A tún fi tábà àti ọtí rà á ní ibòmíràn. Nígbà tí ó dé Èkó, a fi ẹ̀wọ̀n gígùn kan gba inú irin tí ó wà lọ́rùn gbogbo wọn kọjá, ọmọdé àti àgbà pọ̀. Bí inú bá bí àgbà, tí ó bá fa ẹ̀wọ̀n náà, ọrùn ọmọdé ni yóò bó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, a kó 187 ènìyàn sínú ọkọ̀ Potogí kan, Àjàyí sì wà nínú wọn. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Esperança Felix. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ìrètí Aláyọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dúró díẹ̀ níbí. Ilẹ̀ Kátólíìkì ni ilẹ̀ Potogí. Láti kékeré ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní Baba Wa àti Ẹ kí Màríà. Ní ọdún 1452, Pópù Nicholas Karùn-ún fi ìwé fún ọba wọn ní àṣẹ láti sọ àwọn Mùsùlùmí àti àwọn kèfèrí di ẹrú. Èmi kò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín. Òtítọ́ ni pé Pópù Paul Kẹta ka kíkó àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́rú léèwọ̀ ní 1537, òtítọ́ sì ni pé Pópù Gregory Kẹrìndínlógún fi ìwé dá òwò ẹrú lẹ́bi ní oṣù kejìlá ọdún 1839, tí ó kọ̀ fún gbogbo Kristẹni láti lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 17 ti kọjá nígbà náà tí ọkọ̀ Ìrètí Aláyọ̀ ti gbé Àjàyí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1992, Pópù John Paul Kejì lọ sí erékùṣù Gorée ní ilẹ̀ Senegal, ní ibi tí a ti ń kó ẹrú sọ́kọ̀, ó sì tọrọ àforíjì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí a ti rì bọmi tí wọ́n ṣe òwò náà. Bí Bàbá Mímọ́ bá lè sọ ọ́ ní gbangba, kò yẹ kí a máa sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ náà kò rìn jìnnà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì tí ń ṣọ́ òkun nítorí àwọn olówò ẹrú mú un. Nígbà tí a kó Àjàyí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mélòó kan sínú ọ̀kan nínú ọkọ̀ wọ̀nyí, wọ́n rí ẹran tí a gbé kọ́, wọ́n sì rí ọta àgbá irin tí a tò jọ, àwọn ọmọ náà sì gbà pé ẹran ara àti orí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn tí wọ́n rí pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹ̀rín lè pa yín. Ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tí ojú ọmọ ti rí kí ó tó lè rò bẹ́ẹ̀ nípa ènìyàn.

Ní Sàró, ó kọ́ ìwé kíkà láàrin oṣù mẹ́fà. A rì í bọmi ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827. Ó fẹ́ Asano, tí a rì bọmi ní Susan, ọmọbìnrin tí a gbà là lọ́wọ́ olówò ẹrú gẹ́gẹ́ bí òun náà. Ó di tíṣà. Ayé rẹ̀ ti rọ̀ ṣọ̀mù. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ìtàn ìbá parí síbẹ̀, yóò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́dọọdún fún àánú tí ó rí gbà.

Crowther kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1837, ó kọ lẹ́tà gígùn kan ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀: okùn, ẹṣin, ọ̀já ìbàdí, ẹ̀wọ̀n. Àwọn tí wọ́n ń gbọ́ iye ẹrú gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń ka iye àpò kòkó gbọ́ ọ wàyí láti ẹnu ẹni tí a tà. Nínú lẹ́tà náà, ó gbà pé Ọlọ́run ni ó mú òun jáde kúrò ní Òṣoògùn wá sínú ìmọ́lẹ̀ ìhìnrere. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra nípa bí ẹ ó ti gbọ́ ọ. Ọlọ́run kò rán ẹnikẹ́ni láti dáná sun ilé ahunṣọ. Crowther fúnra rẹ̀ kò gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó fi ń bá òwò náà jà. Ẹni tí ó bá gbà pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni ibi tí a ṣe sí òun kì í bá a jà.

Ní 1841 ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì rin ìrìn àjò odò Ọya, nínú èyí tí ibà pa nǹkan bí 40 òyìnbó. Ní 1843 a fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ohun tí ó wù mí jù lọ nínú gbogbo ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ó ti tó ọdún 25 tí wọ́n ti ya ara wọn. Àwọn ènìyàn mú ìyá náà wá bá a, wọ́n dì mọ́ ara wọn, fún ìgbà díẹ̀ kò sì sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ara ìyá ń gbọ̀n. Ní oṣù kejì ọdún 1848 a rì í bọmi, a sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ títí ó fi kú ní 1883.

Ẹni tí ó ti rí ìyá rẹ̀ báyìí kò lè gbàgbé àwọn ìyá tí kò ní rí ọmọ tiwọn mọ́. Èkó ṣì ń ta ẹrú lábẹ́ Ọba Kòsọ́kọ́. Àkítóyè, tí a lé kúrò lórí oyè, wà ní Àgbádárìgì, ó sì ti ṣèlérí láti fòpin sí òwò náà bí a bá dá a padà. Ní oṣù kẹta ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì gbógun ti Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ní ọdún yẹn kan náà, Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì, mú Crowther lọ síwájú Lord Palmerston, ẹni tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, a mú un lọ sí ààfin Windsor. Ó ń fi àwòrán ilẹ̀ han Albert, ọkọ ọbabìnrin, ó ń fi ìka tọ́ Èkó àti Abẹ́òkúta fún un, nígbà tí obìnrin kan tí aṣọ rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀ wọlé, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Crowther ń dá a lóhùn láìfòyà. Ìgbà tí ó gbọ́ bí a ti ń pe obìnrin náà ni ó tó mọ̀ pé Ọbabìnrin Victoria ni. Ẹ̀rù wá bà á. Síbẹ̀ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ohun tí ó ń wí ni pé òwò ẹrú ni ó ń bí ogun ní ilẹ̀ wa, kì í ṣe pé ogun ni ó kàn ń bí ẹrú. Bí ẹni tí ń rà kò bá sí létí òkun, ẹni tí ń kó kò ní rí èrè lókè, àwọn ènìyàn yóò sì yíjú sí epo pupa àti òwú. Wọ́n ní kí ó ka Àdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá. Ó kà á, inú ọbabìnrin sì dùn sí bí èdè náà ti tutù létí.

Ní ìparí oṣù kejìlá ọdún náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, Kòsọ́kọ́ sá, Àkítóyè padà sórí oyè, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lòdì sí òwò ẹrú ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1852. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìdí tiwọn láti wá, ìdí náà kì í sì í ṣe àánú nìkan. Ní 1861 wọ́n gba Èkó fún ara wọn pátápátá. Àwọn kan di ẹ̀bi èyí ru Crowther títí di òní. Èmi gbà pé ó yẹ kí a sọ ọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá ké pe alágbára láti gba òun lọ́wọ́ aninilára kò lè mọ ohun tí alágbára náà yóò gbà lówó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ìbá dákẹ́. Àwọn tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n ní etíkun Èkó ní 1851 kò lè dúró de ọjọ́ tí ẹni mímọ́ kan yóò wá gbà wọ́n.

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, mo ti dákẹ́ rí. Ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí ó ti pẹ́, ẹbí ọkọ kó ẹrù opó kan síta kí òkú ọkọ rẹ̀ tó pé 40 ọjọ́. Ọmọ ìjọ pàtàkì ni àwọn ẹbí náà, wọ́n sì ń ràn wá lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé ìjọ. Mo lọ kí obìnrin náà, mo gbàdúrà fún un, mo fún un ní owó ọkọ̀. N kò bá àwọn ẹbí náà sọ nǹkan kan. Mo fún wọn ní Ara Kristi ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní tèmi, tara ẹlòmíràn ni mo jẹ́ kí ó dákẹ́. Bí mo bá sì wo àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tí a ń kó kúrò ní abúlé wa lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó, tí owó iṣẹ́ wọn ń bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó mú wọn lọ, mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo dákẹ́.

Ìyókù ìtàn náà korò. A fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Ìjọ Áńgílíkà. Odò Ọya ni a fi fún un. Kò ṣe àjèjì sí ilẹ̀ ibẹ̀, nítorí pé ní 1857 ni ọkọ̀ Dayspring tí ó gbé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fọ́ lórí àpáta nítòsí Jẹ́bbà, ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àlùfáà adúláwọ̀ bí i tirẹ̀. Wọn kò pé, àwọn kan nínú wọn sì ṣubú. Nígbà tí Venn ti kú, tí ayé ti yí padà, tí àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ Áfíríkà láàrin ara wọn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú wọn kò sì ju ọmọ ọdún 25 lọ. Wọ́n yẹ iṣẹ́ bàbá náà wò, wọ́n ní kò sí ohun tí ó dára nínú rẹ̀. Nínú ìpàdé kan ní Onitsha ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, wọ́n dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, láìṣe ìgbẹ́jọ́ tí ó tọ́. Ó ti lé ní ẹni 80 ọdún. Àwọn tí ó ń ṣe èyí, ọmọ àwọn tí ó já ẹ̀wọ̀n lọ́rùn rẹ̀ ni wọ́n. Ìjọ tí ó rì í bọmi ni. Ọ̀pọ̀ ìdí ni ó ní láti dákẹ́. Ó bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá akọ̀wé nìkan ni ó ní àṣẹ láti lé àlùfáà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ó rí bí ọ̀rọ̀ náà yóò ti parí, ó ní kí wọn yọ orúkọ òun kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà, ó sì jáde. Kò bú wọn. Kò fi Ìjọ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí i.

Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, ní ilé Ọlọ́run ní Canterbury níbi tí a ti gbé ọwọ́ lé e lórí, olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà dìde níwájú gbogbo ìjọ, ó sì tọrọ àforíjì fún ohun tí a ṣe sí i. Ọdún 150 gééré ni ó pé ní ọjọ́ náà tí a ti fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù.